Irin Méjì ní Ìdí Ọkọ̀ Telford Salter

Oṣù kẹwàá ti tún dé, Bàbá. Atẹ́gùn àríwá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ẹja ti ń wọ́ lọ sókun ní agbo-agbo, ẹ̀yin kò sì sí ní èbúté láti pariwo mọ́ wa pé ká tètè kó àwọ̀n. Ọdún kẹfà rèé! Telford Salter, ọkọ Merlene, baba Twila, ọdún kẹfà rèé tí ẹ fi wá sílẹ̀ ní erékùṣù Harkers.

Ìròyìn tọdún yìí, ojú ń tì wá láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni a ó sọ ọ́ fún bí kò ṣe ẹ̀yin?

Ọkọ̀ yín ti padà sómi! Miss Merlene tí ẹ fọwọ́ ara yín kàn lẹ́yìn ilé, tí ẹ fi orúkọ ìyàwó yín pè, abẹ́ igi ló wà láti ìgbà tí a ti sin yín, tí òjò ń pa á, tí pákó rẹ̀ ń jẹrà. Ẹni tó gbé e dìde kì í ṣe Twila. Norwood Fulcher ni, ọkùnrin tí ìyá Twila fẹ́ lẹ́yìn yín. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ máa ń pa edé ni. Ó yọ pákó tó ti jẹrà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi tuntun dípò, ó dí gbogbo àlàfo, ó sì kun ún ní funfun bí ẹ ṣe máa ń kùn ún. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń ṣe é, Twila kò bu omi mímu fún un rí. "Ọ̀gbẹ́ni Norwood" ló ń pè é, bí ẹni ń pe agbowó-orí.

Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ti kú. Èyí tí Norwood rí rà wúwo jù ú lọ, ó sì ń tẹ ìdí ọkọ̀ rì. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, imú rẹ̀ á gbé sókè bí ajá tó gbóòórùn ẹran, atukọ̀ kò sì ní rí iwájú. Ni Norwood bá ra irin pẹlẹbẹ méjì, irú èyí tí wọ́n ń lu ihò kí wọ́n tó dè é mọ́ ìsàlẹ̀ ìdí ọkọ̀, tí èèyàn á tẹ bọ́tìnnì kí wọ́n lè tẹ̀ sílẹ̀ nínú omi, kí imú ọkọ̀ sì wálẹ̀.

"Ẹ ò ní lu ihò sára ọkọ̀ bàbá mi," ni Twila wí.

"Twila, ẹni tó bá wà á ò ní ríran níwájú. Ewu ni."

"Bàbá mi ò lo irin kankan, kò sì kọlu ẹnikẹ́ni. Ẹ ti gba ilé, ẹ ti gba ìyàwó, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún wa!"

Merlene, tó ń gbé àwo ẹja díndín bọ̀, dúró gbagidi. Norwood kó irin rẹ̀ padà sínú páálí.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Twila nìkan wa ọkọ̀ náà jáde, ó sì ń bá a sáré àsápajúdé. Imú ọkọ̀ gbé sókè, ojú ọ̀run nìkan ló ń rí. Kò rí Bàbá Ivey Gillikin, arúgbó tó ń fa ìgèrè akàn rẹ̀ sókè nínú ọkọ̀ kékeré. Igbe ló kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ló gbọ́ gbàà! Bàbá Ivey ti bẹ́ sómi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò kú, kò fara pa. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ là sí méjì.

Èrò ti pé sí èbúté kí Twila tó gbé arúgbó náà dé, tí omi ń ro tótó lára rẹ̀.

"Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni, ọmọ Telford?" ni Bàbá Ivey ń pariwo. "Bàbá rẹ á yà fún ẹyẹ lórí omi, ìwọ fẹ́ gun èmi arúgbó mọ́lẹ̀!"

Kí Twila tó lanu, Norwood ti bọ́ síwájú. "Ẹ má bá a wí, Bàbá Ivey. Èmi ni mo gbé ẹ́ńjìnnì tó wúwo jù síbẹ̀, mi ò sì parí iṣẹ́. Ẹ̀bi mi ni."

Bàbá, ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé Twila mì! Ẹni tó wá bá wa kín ẹ̀yìn, ẹ̀gún la fi ha á lọ́wọ́, òun náà ló tún ń bò wá láṣìírí. Àwọn èèyàn ti ń wo Norwood ní ìwòkuwò. Twila ń wo bàtà rẹ̀. A kò ní purọ́ fún yín, ó dákẹ́ débi pé àwọn kan ti ń yí padà lọ sílé.

Lẹ́yìn náà ló kígbe: "Irọ́ ni! Ó ti ra ohun tó máa fi tún un ṣe. Èmi ni mo kọ̀. Èmi ni mo ní kó má fọwọ́ kàn án."

Bàbá Ivey ló dá a lóhùn, ó ní, "Mo ti gbọ́. Ta ló máa wá kan ọkọ̀ mi?"

Twila àti Norwood ló jọ kàn án. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, Twila gbé ẹ̀rọ tó ń lu ihò fúnra rẹ̀, ó dojú kọ pákó tí ẹ fọwọ́ yín rẹ́, ó bú sẹ́kún, ó sì lu ú. Norwood di irin mú fún un. Bàbá, ẹ ò rí bí ọkọ̀ yín ṣe ń sáré báyìí! Ó tẹ́ pẹrẹsẹ lójú omi! Pẹrẹsẹ!

Àná la jáde láti rántí yín. Norwood tú okùn fún wa, ó sì dúró sí èbúté. "Ọjọ́ ẹ̀yin àti Telford nìyí," ló wí. A ti lọ jìnnà díẹ̀ kí Twila tó bojú wẹ̀yìn, tó rí i lórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tó ń wò wá lọ. Ojú tún tì í. Ó yí ọkọ̀ padà.

"Ẹ wọlé," ló wí, kò lè wo ojú rẹ̀. "Bàbá mi ò ní bínú."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Kò dá mi lójú. Ẹ ṣáà wọlé."

Gbogbo wa la jọ ju òdòdó sómi. Bàbá, bó bá dùn yín, ẹ dárí jì wá. A kò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò yín, a kàn fún ẹnì kan láyè láti jókòó ni. Àárò yín ń sọ wá! Gbogbo ọkọ̀ funfun tó bá yọ lókèèrè, ẹ̀yin la ṣì ń wò nínú rẹ̀. A nífẹ̀ẹ́ yín, Bàbá. A nífẹ̀ẹ́ yín títí.

Àwa tiyín,
Merlene, Twila, àti Norwood.