Ìgbà Tí Kútọnu Ń Jókòó Sílé

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù kẹwàá, 2019. Ìlaró.

Ẹkún méjì lónìí. Ọ̀kan láàárọ̀ lórí òkú ọmọ, ọ̀kan lọ́sàn-án lórí òkú ọmọ kan náà, nítorí pé kámẹ́rà ò gbé ti àkọ́kọ́ dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí, àwọn ọmọ tí mo ti sin nínú fíìmù sì pọ̀ ju èyí tí ìyá-ìyá mi bí sáyé lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wá abiyamọ tí yóò sunkún ní gbogbo ilẹ̀ Yewa yìí, èmi ló ń pè.

Mo délé, Kútọnu ti dín ẹja. Ọkọ mi ni Kútọnu. Dèjì ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, Ìdírókò sí Àjàṣẹ́ sí Kútọnu ló ń fi ọkọ̀ Pìjó rẹ̀ kérò lọ, ọjọ́ Ìsinmi nìkan la sì máa ń rí i. Láti oṣù kẹjọ tí wọ́n ti ti bọ́dà, Pìjó wà lẹ́yìnkùlé, ọkọ mi wà nílé. Ó fi ata díndín bíi ti Àjàṣẹ́ gbé ẹ̀kọ síwájú wa. Àṣìkẹ́ ọmọ wa lá ọwọ́ títí dé ìgúnpá.

Gbogbo ìlú ló ń ṣépè nítorí bọ́dà. Ìrẹsì ti di ohun tí à ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lásán. Olúwa, dárí jì mí — èmi ń dúpẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù kẹwàá.

Ẹ̀n, dé, tuwá. Ó ti kọ́ Àṣìkẹ́ ní òǹkà Faransé. Ọmọ náà ń fi ka adìẹ aládìẹ káàkiri àdúgbò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n Túnbọ̀sún pè mí láti Èkó. Àwọn ni dárẹ́kítọ̀ tó kọ́kọ́ fún mi ní ọ̀rọ̀ sọ nínú eré, nígbà tí mo ṣì ń ṣe ará ọjà tó kàn ń kọjá lọ. Wọ́n ní eré orí tẹlifíṣọ̀n kan wà, ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, ó kéré tán ọdún kan gbáko. Ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe. Obìnrin tó le, tó ń pàṣẹ, tí ọkùnrin ń sá fún. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì bóyá ẹnì kankan ò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní rárá, omijé kankan ò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ìkòròdú ni wọn yóò ti máa yà á. Mo gbọ́dọ̀ kó lọ sí Èkó. Kí n dáhùn kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀ tó parí.

Ohun tí mo ti ń tọrọ láti ọjọ́ pípẹ́ wá nìyẹn. Èé ṣe tí mi ò tíì sọ fún Kútọnu? Mo mọ ìdí. Ìgbà tí ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jókòó tì mí ni èmi ó wá dìde?

Ọjọ́rú, 16 oṣù kẹwàá.

Mo sọ fún un. Ó fò sókè, ó gbé mi, ó fi mí yí po títí ìwérí mi fi já bọ́. Ó ní kí n lọ. Ó ní Màmá òun yóò wá láti Agosasa, wọn ó máa tọ́jú Àṣìkẹ́, kí n má wulẹ̀ rò ó rárá.

Inú mi dùn. Ó tún dùn mí díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn èèyàn, ṣé kò yẹ kó kọ́kọ́ fajú ro fún ìṣẹ́jú kan ni? Ìgbà tí mo dùbúlẹ̀ ló tó yé mi: ó ń fi tirẹ̀ du ara rẹ̀ nítorí mi ni. Mo sún mọ́ ọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 oṣù kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n fi apá kan eré náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Kútọnu ń bá mi ka ti tíṣà tó jalè. Háà, ọkọ mi ò mọ eré í ṣe. Bí ẹni ń pe èrò ló ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Mo ní kó ronú pé wọ́n fẹ́ lé òun lẹ́nu iṣẹ́, ó wá di ojú pọ̀ bíi pé inú ń run ún. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Ó ní kí n bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ òun.

Mi ò rò pé mo tíì láyọ̀ tó báyìí rí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo ní in.

Ọjọ́ Ìsinmi, 27 oṣù kẹwàá.

Màmá Agosasa wá kí wa, wọ́n gbé gàrí wá. Wọ́n ń wo ọmọ wọn ṣáá. Nígbà tó jáde, wọ́n bi mí bóyá ó ń sùn. Mo ní ó ń hanrun. Wọ́n ní nígbà tó kéré, bí òjò bá sé e mọ́lé lọ́jọ́ kan péré, ibà ni yóò bá a jí. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá wo ni kò rò pé ọmọ òun ń rù?

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kọkànlá.

Mi ò lọ.

Mo ti pinnu. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀gá ilé-ìwé ò ní bá mi dín ẹja. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni n ó pe Ẹ̀gbọ́n, n ó ní ọmọ mi kéré.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù kọkànlá.

Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ní Owódé lọ́la, fíìmù ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ìyá olè ni mo fẹ́ ṣe. Ẹkún náà ni. Kútọnu ti se móínmóín tí n ó mú dání.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù kọkànlá.

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí.

Iṣẹ́ ò bẹ́rẹ̀ rárá. Ìjọba ti ní kí wọ́n má gbé epo lọ sí àwọn ìlú ẹ̀bá bọ́dà mọ́. Kò sí epo tí a ó fi tan jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ní ká máa lọ ilé. Mo dé kí oòrùn tó mú. Àṣìkẹ́ wà nílé-ìwé. Ilẹ̀kùn iwájú wà ní títì, mo bá gba ẹ̀yìnkùlé.

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́.

"Ìgòlò, Àjàṣẹ́, Kútọnu. Ó ku ẹnì kan. Màmá, ẹ sún wọlé díẹ̀ sí i."

Ó wà nínú Pìjó, òun nìkan. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ìrìn-àjò rẹ̀, ó dé fìlà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sítíárìn, ó ń wo ògiri fẹ́ńsì. Ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́. Ojú rẹ̀ — mi ò rí ojú yẹn láti oṣù kẹjọ. Kò sí ẹ̀rín níbẹ̀, kò sí ẹ̀fẹ̀. Ojú ẹni tó ti rẹ̀ ni.

Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo wọlé, mo jókòó. Ó rí mi nínú dígí. Kò fò, kò purọ́.

Ó ní, "Fẹ́yì, ìwọ nìkan kọ́ ni òṣèré inú ilé yìí."

Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n ti ti bọ́dà. Ó ní òun fẹ́ràn wa, kí n má ṣi òun gbọ́, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ òun bá ti pẹ́ lójú kan, ó máa ń ṣe òun bíi pé wọ́n ti sin òun. Ó ní ojú ayọ̀ tí mo fi ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́, òun ò lè bà á jẹ́. Àúdù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti pè é láìmọye ìgbà pé kó wá máa fi ọkọ̀ ná Ìlaró sí Èkó, ó ń kọ̀. Ó ní ọjọ́ tí mo sọ pé Èkó pè mí, ńṣe ni òun dúpẹ́: bí mo bá lọ, òun náà á lè lọ, kò sì ní dà bíi pé òun sá fún wa.

Ìfò tó fò nìyẹn. Ìyípo tó fi mí yí po nìyẹn.

Mo ní, "Bàbá Àṣìkẹ́, mo ti pinnu pé mi ò lọ. Nítorí yín ni."

Ó gbé orí lé sítíárìn. Fún ìgbà díẹ̀ mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín tàbí kì í ṣe ẹ̀rín.

Ẹkún gbé mi. Kò dà bí èyí tí mo máa ń tà. Kò lẹ́wà, imú mi ń ṣàn. Inú ń bí mi, àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ìtìjú wà ńbẹ̀ pẹ̀lú — èmi tí eré ṣíṣe ni mo fi ń jẹun, oṣù bíi mélòó ni mo fi ń pàtẹ́wọ́ fún eré tí mo pè ní ayé mi! Ó nawọ́ sẹ́yìn láì bojú wẹ̀yìn. Mo di ìka rẹ̀ mú. A jókòó báyẹn títí ó fi tó àkókò láti lọ mú Àṣìkẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù kọkànlá.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n Túnbọ̀sún, mo ní mò ń bọ̀. Kútọnu pe Àúdù. Màmá yóò wá dúró ti Àṣìkẹ́ títí táàmù fi máa parí, bàbá rẹ̀ yóò sì máa gbé e wá bá mi ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ó wà lẹ́yìnkùlé báyìí, ó ń fọ ọkọ̀, ó ń kọrin. Ó ń dún bí orin ẹni tínú rẹ̀ dùn. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo tẹ́tí sí i dáadáa kí n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Mi ò mọ̀.