Ìlù Inú Àpótí Tó Kó Ewúrẹ́ Mi Lọ

Ilé Olúgbádé Onípáànù,
Ọ̀wọ̀.
Oṣù Kẹsàn-án, 1956.

Ọlámúyìwá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Ìbàdàn? Ṣé o ń rí jẹ? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí igi gẹdú wó lù mí nínú igbó Àrìmọ̀gìjà kò ní jẹ́ kí ayé wó lù ọ́. Àmín. Ara mi le, àfi inú tó ń bí mi, ìwọ lo sì fà á.

Èmi Olúgbádé, tí mi ò kà kọjá A-B-D, tí mo fi ayùn ọwọ́ kọ́ ilé páànù, èmi náà ni Sùlè dírẹ́bà wá sọ fún pé àwọn tó ń ṣe àwo orin fẹ́ fún ọmọ mi lówó, ọmọ mi kọ̀. Ó ní wọ́n ní kí o fi ìlù sí orin agogo ìyá rẹ, kí o sì dárúkọ olówó kan sí i, o ní orin náà á bàjẹ́. Ṣé orin ń bàjẹ́ bí ẹran ni? Mo sì ti ra giramafóònù sílẹ̀ dè ọ́, gbogbo àdúgbò ti mọ̀.

Ìtìjú ló jẹ́ kí n ra àwo Láníyì, ọmọ Boniface tí ẹ jọ wà ní Ìbàdàn. Mo gbé abẹ́rẹ́ lé e, mo kí i, kò dáhùn, orin ló ń kọ lọ. Mo sọ fún Boniface pé ọmọ rẹ̀ ò lẹ́kọ̀ọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá inú mú, ó ní ó kéré tán tòun wà nínú àpótí orin, tèmi ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé eegun.

Ọdún Ìgógó wá dé, tí a kì í lùlù ní Ọ̀wọ̀, agogo nìkan là ń lù. Mo kìlọ̀ fún Láníyì lẹ́nu ihò àpótí pé kó gbé ìlù sílẹ̀. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ó yẹ kó mọ̀. Àna mi kan dé láti Ìdóàní, mo fẹ́ fi ẹ̀rọ mi hàn án, mo yí i. Láníyì lùlù! Kí n tó rí aṣọ fi bò ó, àwọn ìránṣẹ́ ààfin ti dé. Mo ní èmi kọ́ ni mo lù ú, kí wọ́n lọ mú u ní Ìbàdàn. Wọ́n ní ilé tí ìlù ti dún ló jẹ̀bi. Wọ́n fa ewúrẹ́ mi lọ, èyí tó lóyún.

Mo jókòó ti àpótí náà. Ibẹ̀ ni mo ti rò ó pé ká ní orin agogo tìrẹ ni, bí o ṣe fẹ́ ẹ láìsí ìlù, kò sẹ́ni tí ì bá bi mí ní nǹkan kan. Má fi ìyẹn gbéraga o, owó tí o kọ̀ ṣì ń dùn mí. Mo ní kí n kọ orin náà fúnra mi, mo dé ìdajì, mi ò rántí ìyókù. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ nínú ilé yìí.

Fi owó ewúrẹ́ ránṣẹ́ kíákíá. Bí kò bá sí, mo sì mọ̀ pé kò sí, gbé agogo rẹ wá sílé kí Ìgógó tó parí. Mi ò ní bi ará Ọ̀wọ̀ kankan léèrè ìyókù orin ìyàwó mi. Èmi Olúgbádé!

Orí ìyá rẹ á sìn ọ́ délé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Olúgbádé