Òjò Ọjọ́ Ìbí Màmá Rẹ

Lowri ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀? Ṣé ò ń jẹun dáadáa, ṣé ara ọkọ rẹ le? Àwa náà wà, àwọn àgùntàn wà, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fojú sunkún ara wa.

Ẹ̀bùn tá a jọ ṣètò fún ọjọ́ ìbí màmá rẹ ti yọrí sí rere, ọkàn mi ti balẹ̀, torí ó pẹ́ tí mi ò ti sùn gbádùn. O mọ̀ pé ojú ẹ̀ ń ṣú díẹ̀díẹ̀, kò sì fẹ́ ẹ̀bùn tí wọ́n máa ní kó wò. Ohun tó ń wí ni pé òun fẹ́ gbọ́ òórùn èéfín èédú ọkọ̀ ojú irin tó máa ń gbé òun lọ síléèwé lẹ́ẹ̀kan sí i. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà ò wọ́n rárá, àwọn onírélùwéè ní ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ kò ní sanwó, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ pé èmi ni olùtọ́jú ẹ̀, bí ẹni pé wọ́n gbà mí síṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ lòjò kọ̀ tí ò rọ̀. Àwọn onírélùwéè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù pé bí ilẹ̀ bá ṣì gbẹ, ọkọ̀ elédísẹ́lì làwọn máa lò, kí iná èédú má bàa ta sí koríko kó sì jó gbogbo òkè. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ká má fèsì. Mo ní irú ìwà wo nìyẹn, mo fèsì, mo kí wọn, mo béèrè ìyàwó àtọmọ, mo ṣàlàyé pé dísẹ́lì kọ́ lòórùn tí màmá Lowri ń wá. Wọn ò dá mi lóhùn títí dòní.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Gethin aládùúgbò wa gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ojú ọjọ́ gbẹ, kóun lè kó koríko tóun gé sílẹ̀ fún àgùntàn. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, àmọ́ òjò ni mò ń tọrọ nínú mi.

Lowri, òjò rọ̀. Èédú ni wọ́n lò. Mo fi ọ̀rá wé fóònù, torí inú ẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì tó o fi ránṣẹ́ wà, mo gbé e sínú agolo pẹ̀lú búrẹ́dì bara brith tí màmá rẹ ṣe. Nígbà tí mo rí i tí ọkùnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ń fi irin lu tàwọn èèyàn níhò, àyà mi já. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó lu fóònù náà létí ibẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó kàn tan iná kékeré sí i, ó ní ká jókòó. Èèyàn dáadáa ni.

Màmá rẹ yọrí lójú fèrèsé, èéfín bò ó, òórùn ẹ̀ wọnú súwẹ́tà tó wọ̀, èjìká ẹ̀ ń mì, ẹ̀rù tún bà mí. Àṣé ẹ̀rín ló ń rín. Ó ń dárúkọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan ká tó débẹ̀, kò ṣi ọ̀kan. Ó ní, "Elwyn, ẹni tó bá fi súwẹ́tà yìí kan omi, èmi àti ẹ̀ la jọ máa fà á."

Koríko Gethin ti jẹrà. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra òmíì fún un, má sọ ìdí ẹ̀. Inú àpò ìwé ni kó o fi sí o, má fi sínú fóònù, tíkẹ́ẹ̀tì ṣì wà níbẹ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n há ara wọn mọ́.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọkọ rẹ dì ọ́ lọ́wọ́ mú dalẹ́. Màmá rẹ ti sùn sórí àga, pẹ̀lú súwẹ́tà náà lọ́rùn. Kó tó sùn, ó ní kí n kọ ọ́ bóun ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: "Sọ fún Lowri pé mo rí gbogbo ẹ̀."

Èmi ni bàbá rẹ,
Elwyn