Àwọn Àlejò Inú Edé

Lákowé,
Ọjọ́ Sátidé.

Bàlíkísù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí géètì Lẹ́kkí Phase 1 yín tí kì í jẹ́ kí èèyàn wọlé. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí mò ń bẹ̀rù nípa rẹ, bẹ́ẹ̀ ohun tí mò ń bẹ̀rù pọ̀.

Ara wa le, àfi àwọn ọmọ edé rẹ inú táǹkì ẹ̀yìnkùlé. Láti Mọ́ńdè títí di Wẹ́sidé ni mo ń bá òkú wọn bí ogún lójú omi láràárọ̀, ẹ̀rù sì bà mí pé gbogbo ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tí o fi owó oṣù rẹ rà yóò kú tán mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọlọ́kadà gbé ọ̀rá ìyẹ̀fun méjèèjì tí o fi ránṣẹ́ dé ní Túsidé, mo sì ka ìwé tí o kọ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. O ní kòkòrò alààyè tí ojú kò lè rí ló wà nínú ọ̀rá kìíní, pé wọn yóò wọ inú edé, wọn yóò sì gba àyè mọ́ kòkòrò búburú lọ́wọ́, pé oúnjẹ wọn ló wà nínú ọ̀rá kejì. Bàlíkísù, nílé ìwé girama tí mo lọ, kòkòrò ni wọ́n ní ká máa sá fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí o ti ní alààyè ni wọ́n, mo fi abẹ́rẹ́ lu ọ̀rá náà kí wọ́n lè mí. Ìyá rẹ ní kí n kúkú kí wọn káàárọ̀. Mo ti kí wọn kó tó sọ bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ wọn ni mo kọ́kọ́ dà sómi, mo wá dúró di ọjọ́ kejì, nítorí a kì í pe àlejò sílé tí a kò tíì dáná. Ìgbà tí mo fẹ́ da àwọn àlejò fúnra wọn sí i ni wolé-wolé yọ. Tanwíji inú àmù kan péré ló gbé bàbá mi dé kóòtù nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi wá di odindi ọ̀rá kòkòrò mú. Mo ki ọ̀rá náà sábẹ́ fìlà. Ó bi mí pé kí ló wà nínú táǹkì, mo ní edé ni. Ó ní kí ni nǹkan funfun tó ń dà sí Bàbá níwájú orí. Mo ti gbàgbé ihò abẹ́rẹ́. Ìyá rẹ ní àtíkè ni, pé ooru ń mú mi. Ọkùnrin náà ní ooru ọdún yìí le lóòótọ́, ó sì lọ.

Mo da èyí tó kù nínú ọ̀rá sí táǹkì, mo gbọn fìlà sí i, mo sì gbọn irùngbọ̀n mi.

Láti Wẹ́sidé yẹn, edé kan ò kú. Lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan ni mò ń lọ wò wọ́n. Ìyá rẹ ní kí n lọ sinmi, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sinmi nígbà tí n kò mọ̀ bóyá àwọn kan ṣì wà nínú irùngbọ̀n mi, tí kò sì sí oúnjẹ fún wọn níbẹ̀? Jọ̀wọ́, fi owó tápólì tí a ó fi bo táǹkì ránṣẹ́, àti ọ̀rá oúnjẹ kan sí i, ti edé àti tèmi.

Ọlọ́run yóò fi èèyàn rere yí ọ ká débi pé èèyàn búburú kò ní rí àyè dúró sí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mikail Àyúbà