Ilẹ̀kùn Kì Í Ṣàìsàn

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ara mi le. Mo fẹ́ kí tiyín náà le dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò dùn.

Iṣẹ́ tí ẹ rán sí mi, pé kí n lọ bẹ ọ̀gá tó ń darí àwa tí à ń tún yàrá ṣe, ti dé etí mi. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́ tẹnu mi ná.

Láti ọjọ́ tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi yìí, èmi ni wọ́n ní kí n máa ka aláìsàn láràárọ̀. Ọ̀gá ní kí n lẹ bébà pupa mọ́ ilẹ̀kùn tí àìsàn bá wọ̀, kí n wá ka bébà. Ilẹ̀kùn kan, aláìsàn kan, oògùn ẹnì kan. Ó lè bá àwọn èrò òkè mu, ọ̀pọ̀ wọn ló ń dá sùn. Àwa òṣìṣẹ́ ńkọ́, tí à ń sùn ní mẹ́fà-mẹ́fà nísàlẹ̀?

Mẹ́rin ló dùbúlẹ̀ nínú yàrá wa, ìgò oògùn kan ni wọ́n gbé wá. Alágbàfọ̀, tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lókè tèmi, ní kí àwọn yòókù lò ó, pé òun le ju àìsàn lọ. Ní ọjọ́ kẹta, kò lè gbé orí mọ́. Mo bá ka èèyàn. Bébà jẹ́ mọ́kànlélógójì. Èèyàn jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.

Ọ̀gá fa ìwé tí mo kọ iye náà sí ya. Ó ní, "Ọmọ oko, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ìṣirò?" Mo ní, "Ẹ má bínú sà, ilẹ̀kùn kì í bì, kì í ṣu." Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dùn ún, tó fi pè yín lórí fóònù.

Nígbà tí dókítà èbúté wọ ọkọ̀ kékeré wá gba iye aláìsàn, mo tún ìwé náà kọ, mo fi lé e lọ́wọ́ lójú ọ̀gá. Wọ́n gbé Alágbàfọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọn ò sì jẹ́ kí ọkọ̀ wa gúnlẹ̀. Ọ̀gá ní ọjọ́ tó bá gúnlẹ̀ niṣẹ́ mi parí.

Ẹ ní mo ba orúkọ yín jẹ́ lójú ẹni tí ẹ bẹ̀ kó gbà mí. Òótọ́ ni, ẹ̀yin lẹ bá mi wáṣẹ́, mi ò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ ò tilẹ̀ béèrè bóyá àwọn aláìsàn kú tàbí wọ́n yè. Ìyẹn ò yẹ yín. Bí ọ̀gá bá tún pè, tó bú yín, ẹ jẹ́ kí n gbọ́. Èmi nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti bá ẹ̀gbọ́n mi jà.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ ṣàìsàn níbi tí wọn ò ti ní kà yín mọ́ èèyàn.

Èmi ni àbúrò yín, olórí kunkun.

Àfikún: Nọ́ọ̀sì pè láàárọ̀ yìí. Alágbàfọ̀ ti jókòó, ó ti mu omi. Ó ní kí n jẹ́ kí òun bá mi bẹ̀ yín. Mo ní kó dákẹ́.