Góòlù Tí Genivaldo Medeiros Tọrọ Àforíjì Fún

Ẹ̀yin ará tí ẹ bá wa pé sí Máàsì ọjọ́ keje ikú bàbá wa yìí, àlàáfíà Olúwa kó bá yín gbé.

A bí bàbá wa, Genivaldo Dantas de Medeiros, ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, ọdún 1951, ní ìlú Caicó wa níbí, sí ìdílé Abdias oníṣẹ́ awọ àti Otacília tó ń ṣe wàràkàṣì.

Ní 1969, Bàbá wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Aurora ti ìlú wa. Àárín pápá ni ipò wọn. Wọ́n ń pín bọ́ọ̀lù bí ìyá ṣe ń pín oúnjẹ. Wọ́n gbé Francineide níyàwó ní 1974. Ní 1976, ẹgbẹ́ Beira-Mar ti ìlú Natal rà wọ́n.

Ọdún 1979 ni ìdánwò dé. Beira-Mar wá bá Aurora gbá. Bí Aurora bá pàdánù, wọn yóò já sí ìpele kejì. Bàbá gbá bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, ó wọlé, Aurora sì pàdánù. Agbábọ́ọ̀lù kì í yọ̀ lórí ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́, nítorí náà Bàbá na ọwọ́ méjèèjì sókè láti tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti gbé wọn sí èjìká, wọ́n ń gbé wọn jó níwájú àwọn tó ń sunkún. Ìyá Zulmira, olórí àwọn alátìlẹ́yìn Aurora, figbe ta: "Genivaldo! Wàrà Caicó lo mu dàgbà, òkú wa lo wá ń jó lé lórí!"

Ní 1983, ẹgbẹ́ kan ní Recife ń pe Bàbá. Ṣùgbọ́n Aurora ni Bàbá padà sí. Ìyá Zulmira ní, "Ojú wo lo fi wá?"

"Ojú àtijọ́ náà ni, ìyá mi. Ẹsẹ̀ nìkan ló ti gbó."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, àfi Ìyá Zulmira. Ọdún mẹ́ta ni Bàbá fi gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, Aurora kò gòkè padà sí ìpele kìíní. Lẹ́yìn náà, Bàbá ń tọ́jú koríko pápá, wọ́n sì ń gbé àgbélébùú ṣáájú nínú ìjọ.

Àsíá ẹgbẹ́ la fi ń bo pósí agbábọ́ọ̀lù níbí. Bàbá kìlọ̀ fún wa: "Ẹ má tọrọ rẹ̀ o. Bí wọ́n bá mú un wá, ẹ gbà á."

Ìyàwó wọn, ọmọ mẹ́ta, Rosângela, Edmilson àti Iracema, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje, ló gbẹ̀yìn wọn.

Láàárọ̀ ìsìnkú, ó ku díẹ̀ kí a gbé pósí jáde láìsí àsíá, ni Ìyá Zulmira, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, bá fọ̀pá rìn wọlé, àsíá Aurora lábẹ́ apá.

"Ẹ sún sẹ́yìn. Mo ti bínú tó. Ẹ jẹ́ kí n da aṣọ bo ọmọ mi."

Bàbá, ẹ sinmi ní àyà Jésù títí ilẹ̀ àjíǹde yóò fi mọ́. Àmín.