Oòrùn Kọ́ Ló Ṣe Tóbi

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú iná tí wọ́n ń mú tí wọ́n ń dá padà, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ-ọmọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti ìlú òtútù yìí. Mo kí Bùkọ́lá àbúrò mi, mo kí Tóbi ọmọ rẹ̀. Mo kí Wálé ọkọ rẹ̀ níbi tó wà ní Rájí Ràsákì, mo sì kí màmá Wálé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí kàn wọ́n gan-an. Gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Festac, mo kí yín o.

Mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí mi ò fi fóònù pè yín, tó fi jẹ́ pé inú ìwé tí gbogbo ayé ń kà ni mo ti ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Màmá, gbangba ni wọ́n ti ba orúkọ Bùkọ́lá jẹ́. Wọ́n sọ ọ́ ní ilé ọkọ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, títí kan ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń bá yín rán aṣọ. Bí mo bá wá yọ́ òótọ́ sọ sí yín létí lórí fóònù, etí yín nìkan ló máa gbọ́ ọ. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, àwa sì ti ń gé ìka ẹlòmíràn láti bí ọdún kan.

Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òjò ibí kì í rọ̀ kó dá bíi ti wa. Á máa ṣẹ́ wínníwínní láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò ní di àgbàrá, kò sì ní jẹ́ kí aṣọ gbẹ. Ọjọ́ Àìkú ló burú jù fún mi. Mo máa ń se ìrẹsì, màá bù ú sí abọ́, màá sì wá rántí pé kò sí ẹni tí màá pè wá jẹun. Ẹ máa ń sọ pé ariwo wa ló sọ yín di arúgbó. Ẹ bá mi kó díẹ̀ ránṣẹ́ nínú ariwo yẹn.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Festac náà ni mo ń ṣe níbí. Síkáànù ni mò ń ṣe fún àwọn aboyún, mò ń fi ẹ̀rọ wo ọmọ inú wọn. Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, aboyún kan wá, ọmọ inú rẹ̀ sì fẹ̀yìn ti ògiri ilé ọmọ, ó kọ̀ kò yí. Obìnrin àgbàlagbà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń wò ó, èmi jókòó tì í. Ó ní kí aboyún náà dìde, kó lọ rìn káàkiri, kó mu omi tútù, kó padà wá. Ó padà wá, ọmọ náà ò yí síbẹ̀. Mo wá ń ṣọ́ ohun tí obìnrin yìí máa kọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò rí ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ náà, kí ìyá rẹ̀ tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò bẹ̀bẹ̀, ojú ò tì í. Ó yíjú sí mi, ó ní ṣé màá mu tíì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí Bùkọ́lá wá bá mi fún síkáànù ni mo rántí.

Ẹ̀yin náà á rántí ọjọ́ yẹn. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún. Ọjọ́ Sátidé ni, àwọn aboyún jókòó kún orí bẹ́ǹṣì títí dé ẹnu ọ̀nà. Torí pé àbúrò mi ni, mo mú un wọlé ṣáájú gbogbo wọn. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe, bí èèyàn ẹni bá wà níbì kan, a kì í tò. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀kan nínú wọn ní ṣé àwọn ò ní ẹ̀gbọ́n nílé ni. Ojú tì mí, mo sì sọ ọ́ nínú ara mi pé kíá ni màá ṣe ti Bùkọ́lá kí n lè pe ẹni tó kàn. Ojúrere tí mo ṣe fún un ni mo fi ṣe é léṣe.

Ẹ̀yin wà lórí fóònù, ẹ ní kí n la ojú mi dáadáa kí n wò ó bóyá ọkùnrin ni. Màmá Wálé ti ní ọkùnrin ni òun ń retí. Tóbi kó ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ pamọ́ sí ibi tí ẹ̀rọ ò ti lè rí i. Mo ń tẹ ikùn Bùkọ́lá níbí, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, itan ọmọ ni mò ń wá. Nígbà tó ṣí ẹsẹ̀ tí mo ní ọkùnrin ni, ẹ hó yèè, Bùkọ́lá rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì tí àwòrán ò dúró mọ́. Inú èmi náà dùn. Mo nu òróró ẹ̀rọ kúrò lára rẹ̀, mo pe ẹni tó kàn.

Ó yẹ kí n ní kó lọ rìn títí dé ẹnu géètì, kó mu omi, kó padà wá. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ní ibi iṣẹ́ wa nígbà náà, a kì í kọ ìwé èsì látòkèdélẹ̀. Èyí tí a ti kọ sílẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà: orí dára, ọkàn dára, ọ̀pá ẹ̀yìn dára, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pé. Orúkọ àti ọjọ́ nìkan la máa ń pààrọ̀. Ọ̀gá wa ti kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ kọ ọ́ pé a ò rí nǹkan kan, pé àwọn oníbàárà á ní ẹ̀rọ wa ti bàjẹ́, wọ́n á sì sọdá lọ sí òdìkejì títì. Ọ̀gá mi jẹ̀bi tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nínú yàrá yẹn. Ìka mi ló tẹ ìwé náà jáde, orúkọ mi ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìwé yẹn fi gbogbo yín lọ́kàn balẹ̀. Torí rẹ̀ lẹ ṣe forúkọ Bùkọ́lá sílẹ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré tó wà nítòsí ilé ìwé tó ti ń ṣe tíṣà ní Abúlé Adó. Èmi ti dé ibí nígbà tó bímọ. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi bí nọ́ọ̀sì ṣe yí ọmọ padà láti nù ún, tó sì ní kí ẹ wá wo ẹ̀yìn rẹ̀. Egungun ẹ̀yìn ọmọ náà ò padé nísàlẹ̀. Kókó rírọ̀ kan yọ síbẹ̀, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Wọ́n fi ìró yín wé e, ẹ gbé e wọ ọkọ̀, ẹ sì há sáàárín àwọn tírélà ní Mile 2. Ọsibítù àkọ́kọ́ ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Èkejì gbà yín, ṣùgbọ́n dókítà tó mọ iṣẹ́ abẹ náà ò sí nílé. Kí ó tó dé, kókó yẹn ti bẹ́, àrùn ti gbabẹ̀ wọlé, ibà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ náà lọ́wọ́ wa. Dókítà náà sọ fún Wálé pé ká ní wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ àwọn ni wọn ì bá ti bí Tóbi, àwọn ì bá sì ti dí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.

Ohun tó tẹ̀lé e ló dùn mí jù. Màmá Wálé gbé ìwé tí mo tẹ̀ jáde. Wọ́n ní ẹ̀rí rè é, ọmọ pé, ẹ̀yìn rẹ̀ dára ní oṣù márùn-ún, ẹ̀gbọ́n Bùkọ́lá fúnra rẹ̀ ló wò ó. A jẹ́ pé lẹ́yìn ìgbà yẹn ni nǹkan ṣe é. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe. Wọn ò wá a jìnnà, Màmá, torí ẹ̀yin lẹ fi hàn wọ́n. Ẹ ní ẹ kìlọ̀ fún Bùkọ́lá kó má máa rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ẹ ní kó máa fi píìnì há aṣọ rẹ̀, kò gbọ́. Ẹ ní ọ̀sán gangan ló máa ń ti ilé ìwé fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ ayé yín ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí ẹ ṣì ń fi fáìlì kó ìwé owó iná jọ, tí ẹ kọ́ wa pé ohun tó bá wà nínú fáìlì ló ṣẹlẹ̀! Fáìlì ló parọ́ fún yín lọ́tẹ̀ yìí, èmi ọmọ yín ni mo sì kọ ọ́.

Bùkọ́lá kó ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín. Wálé ń yọjú lọ́jọ́ Sátidé bí àlejò. Èyí tó burú jù ni pé Bùkọ́lá náà ti gbà á gbọ́. Ó sọ fún mi pé òun ò jáde mọ́ títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Ọ̀sán sì ni wọ́n máa ń bá Tóbi na ẹsẹ̀ ní ọsibítù, kó lè lágbára láti jókòó kó sì máa fi nǹkan rìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kò gbé e lọ, torí ẹ̀rù oòrùn. Ó ní òun ò ní ba ọmọ náà jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Kí oyún tó pé oṣù kan ni egungun ẹ̀yìn ọmọ máa ń padé. Ìgbà tí ti Tóbi ò padé, Bùkọ́lá gan-an ò tíì mọ̀ pé òun lóyún. Oòrùn ò ṣe é, píìnì ò lè dí i. Èmi náà kọ́ ni mo fà á. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé ká ní mo wò ó dáadáa, ẹ̀rọ gbígbó yẹn ì bá má fi hàn mí. Gbogbo ìyẹn lè jẹ́ àwáwí bó bá jẹ́ pé mo wò ó. Ẹni tó wò tí kò rí ṣe àṣìṣe. Èmi ò wò, mo sì fọwọ́ sí i pé mo wò. Torí ìyẹn ni ọmọ náà fi há ní Mile 2, torí ìyẹn náà ni ìyá rẹ̀ fi di ẹlẹ́bi.

Mo máa ń fi owó ránṣẹ́ fún ìtọ́jú rẹ̀. Bùkọ́lá a sì máa ṣàdúrà fún mi títí, pé Ọlọ́run ò ní fi ẹ̀gbọ́n rere bíi tèmi dù ú. Àdúrà yẹn ń gún mi láyà.

Mo ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tí mo ti kúrò, pé kí wọ́n wá àwọn ìwé èsì tí mo fọwọ́ sí jáde, kí wọ́n sì sọ òótọ́ fún àwọn tó ni wọ́n. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó fún mi láṣẹ iṣẹ́ yìí náà. Bí wọ́n bá gba àṣẹ náà lọ́wọ́ mi, mi ò ní jà. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ mú lẹ́tà yìí lọ sí Rájí Ràsákì, kí ẹ kà á fún màmá Wálé, kí Wálé wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àgbà kì í bẹ ọmọ nílé wa. Síbẹ̀, ẹ jókòó ti Bùkọ́lá, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún un pé ohun tí ẹ sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Tèmi nìkan ò ní tó o. Ẹnu yín ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Bùkọ́lá, ó ku ìwọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí o pè mí, tí Tóbi dojú bolẹ̀ lórí itan rẹ tí mo sì ń wo àpá ẹ̀yìn rẹ̀, o bi mí pé báwo ni ẹ̀yìn náà ṣe rí lọ́jọ́ tí mo wò ó. O ní kí n ṣáà sọ fún ẹ bó ṣe dán tó kí oòrùn tó bà á jẹ́. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo sì pa fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa, àbúrò mi. Mi ò mọ bó ṣe rí. Mi ò wò ó.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, Màmá, kí ojú yín rí ìdúró Tóbi. Kó fi àlàáfíà sáàárín Wálé àti aya rẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ará àdúgbò, ẹ sì kí ẹnikẹ́ni tó bá ka èyí tí orúkọ mi wà nísàlẹ̀ ìwé síkáànù rẹ̀. Kó má ṣe dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Èmi ni ọmọ yín,
Káyọ̀dé